Ohun Tó Yẹ Kó Wà Lẹ́nu Géètì

Wòfà ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ irin jíjó ní Mágásìn, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì ní Kumasi. Bí àwọn Àṣáńtí ṣe ń pe arákùnrin ìyá wọn nìyẹn, àmọ́ ọkùnrin tó bá ti dàgbà díẹ̀ tó sì níwà, Wòfà náà ni. Èmi kì í ṣe Àṣáńtí. Ìlọrin ni wọ́n ti bí bàbá mi, Asawase níbí ni wọ́n ti bí èmi, mo sì ń sọ Twi, èdè wọn, débi pé ọmọ onílẹ̀ á gbọ́ ọ, á bi mí ní abúlé ìyá mi. Form two ni mo ti kúrò nílé ìwé. Kì í ṣe pé orí mi ò pé o. Jíjókòó ló sú mi. Tí mo bá jókòó sójú kan, ẹsẹ̀ mi á ti máa gbọ̀n. Àmọ́ ẹ fún mi ní irin àti iná, kẹ́ ẹ wá máa wò mí. Ní gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù tiwa ní Mágásìn, kò sí ẹgbẹ́ mi tó lè jó irin kí ojú àpá rẹ̀ dán bíi tèmi. Wòfà fúnra rẹ̀ mọ̀. Kò kàn fẹ́ sọ ọ́ jáde ni.

Bọ́ga kan ló wá bá wa lọ́jọ́ kan. Bọ́ga ni a máa ń pe ẹni tó ti òkè òkun dé. Jámánì ni eléyìí ti dé. Ó ní òun ti ra ilẹ̀ kan lẹ́yìn Tafo, òun sì fẹ́ fi ṣe páàkì tí àwọn ọmọdé á ti máa ṣeré, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lọ sókè, ọkọ̀ ojú irin kékeré, àti omi tí wọ́n á máa yọ̀ bọ́ sí. Gbogbo rẹ̀ á jọ Kumasi, àmọ́ Kumasi tó kéré tí ọmọdé lè rìn já. Ohun tó kù ni àmì rẹ̀. Ó fẹ́ kí a mú ohun kan tí gbogbo ayé fi mọ ìlú yìí, kí a fi irin ṣe é, kó ga ju òpó iná lọ, kó wà lẹ́nu géètì. Àwòrán rẹ̀ náà ló máa wà lára tíkẹ́ẹ̀tì àti lára fìlà tí wọ́n máa tà fún àwọn ọmọ.

"Kí lẹ rò pé kó jẹ́?" ló bi Wòfà.

"Idà," ni mo fèsì.

Wòfà wò mí bí ẹni pé mo ṣu sórí ẹní.  Idà kan wà nínú ilẹ̀ nítòsí ọsibítù ńlá wa níbí, ó ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè fà á yọ. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá yọ, ọjọ́ náà ni Àṣáńtí tú. Mo ti rí i lójú ara mi bí mo ṣe máa ṣe é: irin tó nípọn, tí mo máa fọ̀ títí á fi máa kọ mànà, èkù rẹ̀ á yọ sókè, ẹni tó bá wà nínú bọ́ọ̀sì tròtrò lójú títì Tafo á máa rí i. Nísàlẹ̀ èkù yẹn, níbi tí ojú ò ní tètè dé, màá jó orúkọ mi sí i.

Bọ́ga rẹ́rìn-ín. Ó ní ká wá bá òun lórí ilẹ̀ náà ní Sátidé, ká jọ jókòó sọ ọ́.

Ilẹ̀ náà tẹ́jú, wọ́n ti ro ó, kò sí nǹkankan lórí rẹ̀ àfi àràbà kan ṣoṣo tó dúró láàárín. Àràbà yẹn ga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta bí ògiri, ọmọdé lè fara pamọ́ sáàárín wọn kí wọ́n wá a títí. Abẹ́ rẹ̀ la tẹ́ ṣíà sí, torí kò síbi tí oòrùn ò sí mọ́. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀: Bọ́ga, Wòfà, èmi, éńjìníà tó ya gbogbo páàkì sínú fóònù ńlá rẹ̀, àti bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ pé ẹbí rẹ̀ ló ni ilẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Nánà la ń pe bàbá yẹn.

Bọ́ga ló bẹ̀rẹ̀. "Ọjà Kejetia ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó bá gbọ́ Kumasi, ọjà ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ká ṣe òrùlé rẹ̀."

"Òrùlé?" Wòfà mirí. "Èmi á ní odi àtijọ́ tó wà láàárín ìlú. Ó ti pẹ́. Igun rẹ̀ ò sì pọ̀, a máa tètè jó o tán."

Nánà fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. "Ilé tí òyìnbó jókòó sí tí wọ́n ń fi ìbọn ṣọ́ wa? Òun lẹ fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi dé mórí?"

"Nánà, ìyẹn ti pẹ́," ni Wòfà wí.

"Ó pẹ́ lójú ìwọ."

Ẹsẹ̀ mi ti ń gbọ̀n. "Ẹ gbọ́, idà ni mo wí! Ọjà wà ní gbogbo ìlú. Odi, àwọn ará etíkun ní tiwọn tó dáa ju tiwa lọ. Idà yẹn ńkọ́? Ta ló tún ní irú ẹ̀ láyé?"

"Ọmọ Ànàgó," ni Nánà wí. Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, kì í ṣe èébú, àfi tí ẹni tó ń sọ ọ́ bá fẹ́ kó jẹ́ èébú. "Tí o bá gbé idà sẹ́nu géètì, kí ni ọmọdé á kọ́kọ́ ṣe?"

"Á wò ó."

"Á fà á. Tó bá wá yọ ńkọ́?"

"Yọ kẹ̀? Èmi ló máa jó o mọ́lẹ̀! Kí erin wá fà á."

"Èyí tó wà ní ọsibítù, ṣé wẹ́dà ló jó ìyẹn náà mọ́lẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Wòfà fi ń nu ojú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ò tán lọ́jọ́ yẹn. Bọ́ga ní kí oníkálukú lọ ya tirẹ̀ sórí ìwé, ká padà wá ní Sátidé kejì. Kí a tó dìde, éńjìníà fi fóònù rẹ̀ hàn wá, ó ní ibi tí a jókòó sí yìí gan-an ni kẹ̀kẹ́ ńlá máa dúró sí, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti le jù. Ó ní wọ́n máa gé àràbà yìí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á hú gbòǹgbò rẹ̀.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ nínú agboolé wa ní Asawase, lẹ́yìn tó bá kírun àsárì tán, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Òun ni mo máa ń fọ́nnu fún jù, torí kì í dá mi dúró. Mo sọ fún un pé èmi lọmọ rẹ̀ tó máa gbé idà Kumasi sókè, pé wọ́n á máa ti ìlú òyìnbó wá yà á ní fọ́tò.

"Máṣà Allāh," ló wí. "Níbo ni páàkì náà wà?"

"Lẹ́yìn Tafo. Ẹ ò lè mọ ibẹ̀. Odò kékeré kan wà, abúlé kan wà lápá ọ̀tún, àràbà ńlá kan wá wà láàárín oko."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tẹ̀sùbáà.

"Àràbà yẹn ṣì wà?"

"Ó wà, àmọ́ wọ́n máa gé e. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ máa wà."

 Mo ti fẹ́ padà sórí idà mi nígbà tó ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n fi igi náà ṣe àmì wọn."

Mo rẹ́rìn-ín. "Igi? Ìyá Àgbà, ta ló mọ igi? Wọ́n ní ohun tí gbogbo ayé mọ̀!"

"Mo ní kí o sọ fún wọn."

"Nítorí kí ni?"

Ó fa ìbòrí rẹ̀ wá síwájú. "Igi tó dáa ni," ló sọ, ó sì wọlé.

Kò jáde wá jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá mi gbé tuwo lọ bá a, tuwo náà padà bó ṣe lọ. Lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, omi àlùwàlá nìkan ló ń mú un jáde. Wọ́n bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá, ó ní ara òun yá. Mo bi bàbá mi, bàbá mi ní kí n fi ìyá òun sílẹ̀.

Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Dichemso, ó ń ta ẹní ìkírun àti kẹ́tùlù. Ìlẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù náà ti ń há, ó ní kí n wá bá òun tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo gbé ẹ̀rọ dé, mo ń fi ha etí ìlẹ̀kùn náà, mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ idà lọ ràì, pé Ìyá Àgbà ń sọ ọ̀rọ̀ igi fún mi, bí ẹni tó ń ṣarán.

"Kì í ṣarán," ni bàbá mi wí. "Pa ẹ̀rọ yẹn."

Mo pa á.

Ó ní, "O mọ̀ pé wọ́n lé àwa Yorùbá kúrò ní Ghana nígbà kan."

Ta ni ò mọ̀? Gbogbo ọmọ Asawase ló mọ̀. Ìjọba wọn ìgbà náà ní kí àlejò tí kò níwèé máa lọ sílé rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fún wọn ò sì tó ẹni ta ewúrẹ́. Àwọn tí wọ́n bí síbí, àwọn tí bàbá wọn kọ́lé síbí, gbogbo wọn ló kó ẹrù. Àwọn àgbà ń sọ ọ́ títí ó fi sú wa. Ohun tí bàbá mi sọ tẹ̀ lé e ni mi ò gbọ́ rí.

Gáréèjì ti kún nígbà yẹn, kò sí mọ́tò. Awakọ̀ kan wá sọ fún àwọn ará ilé wa pé òun máa wá fi lọ́rí kó wọn lábẹ́ àràbà kan lẹ́yìn Tafo. Wọ́n lọ, wọ́n ń dúró dè é, lọ́rí ò dé. Ìyá Àgbà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn, àkọ́bí rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀ nílẹ̀. Ibà mú ọmọ náà. Kò sí oògùn, kò sí ilé tí wọ́n lè padà sí, wọ́n ti ti gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà kú lábẹ́ igi yẹn. Ọjọ́ náà ni lọ́rí dé.

"Wọ́n sin ín síbẹ̀?"

"Níbo ni kí wọ́n gbé e lọ?"

"Apá ibo?"

Bàbá mi wò mí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. "Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. O ò gbọ́ ìyẹn rí? Àwọn obìnrin yí ìyá wa lójú padà, wọ́n ní kó máa wo lọ́rí. Bàbá wa náà, wọ́n mú un lọ sétí odò. Àwọn tó kù gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n kírun sí ọmọ náà lára, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọn ò sàmì sí i. Nígbà tí wọ́n ní kí ìyá wa yíjú padà, igi nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó gbẹ́ ilẹ̀ náà ló sọ fún mi ní Ìlọrin. Mo bi í ní apá ibo. Kò sọ fún mi. Ó ti kú, gbogbo wọn ló ti kú."

Ó ní nígbà tí ayé rọ̀, tí wọ́n padà wá sí Kumasi, Ìyá Àgbà ò wọ mọ́tò kọjá Tafo rí. Tí ìnáwó bá wà lápá ibẹ̀, á rán èèyàn.

"Má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ fún ẹ," ni bàbá mi wí, ó sì ní kí n tan ẹ̀rọ mi padà. Mi ò mọ bí mo ṣe tún ìlẹ̀kùn yẹn ṣe. Mo ṣá tún un ṣe.

Ní Sátidé, Bọ́ga gbé àwòrán òrùlé ọjà tó ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà wá. Wòfà ya odi, ó yà á dáadáa. Ọwọ́ òfìfo ni mo mú wá.

"Idà dà?" ni Wòfà bi mí.

"Mo ti jù ú nù. Igi yìí ni mo fẹ́."

Nánà gbójú sókè. Mo dìde dúró, torí mi ò lè sọ̀rọ̀ gidi ní ìjókòó. Mo ní ọjà ń jó, wọ́n á tún un kọ́, kò ní jọ ti àkọ́kọ́. Mo ní odi, ọ̀tá ló kọ́ ọ. Mo ní àràbà ni wọ́n bá nílẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ẹni tó wá láti ibikíbi ló ń gbà sábẹ́ rẹ̀, kì í bi wọ́n ní ìwé. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá. Mo ń sọ ọ́ bíi ti oníwàásù.

Bọ́ga pàtẹ́wọ́. "Chálè, ọ̀rẹ́ mi! Èyí ni mo ń wá látẹ̀yìnwá! Igi! Ẹ fojú inú wò ó, àràbà onírin, gílóòbù aláwọ̀ ewé lára ẹ̀ka rẹ̀, kó máa tàn ní ìrọ̀lẹ́!"

"Ẹ ò ní gé eléyìí mọ́ nìyẹn?"

"Eléyìí?" Ó wòkè. "Eléyìí á lọ. Tonírin ò ní já ẹ̀ka lu ọmọ ẹnikẹ́ni."

"Ibo ni kẹ̀kẹ́ máa dúró sí tí a ò bá gé e?" ni éńjìníà wí, ó ti ń tẹ fóònù rẹ̀.

Ẹ gbà mí, mo jàre, mo sì jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ti ń jíròrò ìwọ̀n irin. Mi ò lè dúró.

"Òkú wà nísàlẹ̀ igi yìí," ni mo sọ.

Éńjìníà dẹ́kun títẹ fóònù. Bọ́ga ní, "Òkú ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí bàbá mi ṣe sọ ọ́, mo sì yára sọ ọ́.

Nánà ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní òun rántí wọn. Ọ̀dọ́ lòun nígbà náà, ẹrù wọn kún abẹ́ igi yìí, àpótí, àkéte, ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní ìyá òun gbé omi lọ fún wọn, ó sì ń sunkún dé, kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bọ́ga fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Gbọ́, arákùnrin mi. Fi ibẹ̀ hàn mí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, màá fi ògiri yí i ká, kẹ̀kẹ́ á sún díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí a gbé e lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, ẹ pe àfáà yín, a máa ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìgbà yẹn la lè gé igi. Apá ibo ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Kò mọ̀."

"Màmá tó bí ọmọ náà? Ó ṣì wà láyé, àbí?"

"Òun gan-an ni kò gbọdọ̀ mọ̀."

Éńjìníà rẹ́rìn-ín kékeré. "Ẹ sin ọmọ yín, kò sẹ́ni tó mọ ibi tẹ́ ẹ sin ín sí? Irú kí ni..."

"Pa ẹnu ẹ dé," ni Nánà wí.

 Bọ́ga wo ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo abẹ́ ṣíà tó jókòó sí. Mo rí i tí Wòfà náà wo abẹ́ tirẹ̀, tí éńjìníà rọra gbé bàtà rẹ̀ sókè, tó tún wá ibi tó máa sọ ọ́ kalẹ̀ sí, tí kò rí. Bọ́ga dìde, ó gbé ṣíà rẹ̀ dání, ó rìn jáde lábẹ́ igi náà bọ́ sínú oòrùn. Wòfà tẹ̀ lé e. Èmi di Nánà lápá mú. Gbogbo wa dúró sínú oòrùn pẹ̀lú ṣíà lọ́wọ́, a ń wo òjìji igi náà bó ṣe tẹ́ sílẹ̀.

"Ká ní mo mọ ibi tó wà ni," ni Bọ́ga wí, "ibi tó fẹ̀ tó ìlẹ̀kùn nìkan ni ǹ bá fi sílẹ̀ fún un." Ó fi ọwọ́ yípo gbogbo abẹ́ igi náà. "Báyìí, gbogbo èyí ni."

Ó ní kí éńjìníà gbé kẹ̀kẹ́ lọ sápá odò. Éńjìníà ní ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, sìmẹ́ǹtì á pọ̀. Bọ́ga ní kó pọ̀. Ó ní kí wọ́n má gbẹ́ ohunkóhun, kí wọ́n má ri òpó kankan mọ́ ibi tí òjìji igi yẹn bá dé. Kí wọ́n jẹ́ kí koríko hù síbẹ̀.

"Àmì páàkì wá ńkọ́?" ni Wòfà bi í.

"Kì í ṣe igi mọ́. Mi ò lè gbé e sórí fìlà ọmọdé, lẹ́yìn ohun tí mo gbọ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣe òrùlé ọjà."

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.  Nánà bu omi láti inú ike tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó da díẹ̀ sílẹ̀ létí òjìji, ó ń sọ̀rọ̀ ní Twi jẹ́jẹ́. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa, mi ò sì dá a dúró. Èmi ka Fátíà sínú.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Àgbà wà lórí ẹní rẹ̀ nínú yàrá. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi kì í sábà kúnlẹ̀, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ ìdajì ni kí n tó sáré lọ.

"Wọn ò ní gé e mọ́, Ìyá Àgbà."

Ó wò mí. "Òun ni wọ́n fi ṣe àmì?"

"Rárá o. Òrùlé ọjà ni. Àmọ́ igi á wà níbẹ̀. Wọn ò ní gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rárá."

Ó wò mí pẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ ó rí mi. "Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó bá mi sọ nǹkankan."

Ó gbọ́ irọ́ náà, ó sì fi sílẹ̀. Wọ́n ń pe ìrun màgáríbà ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa, a dákẹ́ títí wọ́n fi pè é tán.

"Àwọn ọmọdé á máa ṣeré lábẹ́ rẹ̀?" ló bi mí.

"Wọ́n á máa sáré yí i ká."

"Wọ́n á máa pariwo?"

"Ariwo gan-an ni."

"Ó dáa," ló wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń dá wà." Ó na ọwọ́ sí mi kí n gbé òun dìde fún àlùwàlá, mo sì gbé e dìde.